Inú rírun nǹkan oṣù: àgbo ni àbí oògùn òyìnbó?

Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin ló ń mú kí ilé ọmọ máa fún pọ̀ nígbà nǹkan oṣù, òun ló ń fa inú rírun. Ibuprofen kì í jẹ́ kí ara pèsè rẹ̀ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn lò ó ní kété tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run, lẹ́yìn oúnjẹ, kó má dúró dìgbà tó bá le tán. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kó yẹra fún un o.

Èmi ò kórìíra ewé àti egbò. Àwọn ìwádìí kan ti fi hàn pé atalẹ̀ ń dín ìrora yìí kù, omi gbígbóná lórí ikùn náà sì ń tuni lára. Àgbo inú ike tí wọ́n fi ògógóró rẹ ni mi ò fara mọ́. Ọmọ ọdún 14 la ń fún lọ́tí yẹn, lórúkọ oògùn!

Bí ìrora bá wá ń le sí i lóṣooṣù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ya, ó lè jẹ́ ìju. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ yín lọ rí dókítà.