Ta Ló Ni Àṣẹ Lórí Ẹnu Wa?



Àwọn baba wa ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwa tí a ń gbé láàárín àwọn Ikwerre, Ògóni, Ijaw àti Ìgbò mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju ẹni tó wà nílé lọ. Ẹnìkan lè jókòó sí Èkó kó fi fóònù kọ èébú sí ẹ̀yà mìíràn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí aládùúgbò wa. Ìdí nìyí tó fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n láti béèrè ẹni tó yẹ kó máa yọ ọ̀rọ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2021. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ọ̀rọ̀ kan jáde lórúkọ Ààrẹ Muhammadu Buhari lórí Twitter. Ó mẹ́nu ba ogun abẹ́lé, ó ní èdè tí àwọn tó ń da ìlú rú gbọ́ ni àwọn yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ogun ọ̀hún kì í ṣe ìtàn lásán níbí: oṣù karùn-ún 1968 ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt, àwọn kan ò sì tíì gbàgbé ilé tí wọ́n pàdánù. Lọ́jọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò, wọ́n ní ó tàpá sí òfin àwọn. Ní ọjọ́ 4, Alhaji Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, kéde pé ìjọba ti dá Twitter dúró. Ohun tí ìjọba sọ ni pé àwọn kan ń lò ó láti da Nàìjíríà rú. Ó di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Oṣù méje gbáko! Àwọn tó ń polówó ọjà níbẹ̀ pàdánù oníbàárà. Ẹni tó mọ ọ̀nà ń fi VPN yọ́ wọlé.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kò sì yẹ ká dà wọ́n pọ̀. Èkíní, onílé ní òun kò fẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ilé òun. Èkejì, ìjọba ti ilẹ̀kùn ilé náà mọ́ gbogbo ará ìlú. Abala 39 ìwé òfin 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò wa, ká sì gbọ́ ti ẹlòmíràn. SERAP àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS, ilé ẹjọ́ náà sì dá a ní ọjọ́ 14 oṣù keje 2022 pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ọ̀rọ̀ ti ìjọba yé wa.

Ti onílé ló kù. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ sísọ, ìjọba ló dè, kò de ilé-iṣẹ́ aládàáni. Àmọ́ ilé tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń ná bí ọjà ti kúrò ní ilé lásán. Twitter yìí náà lé Donald Trump jáde ní oṣù kìíní 2021. Elon Musk ra ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù kẹwàá 2022. Kò pé oṣù kan tó fi dá a padà. Èèwọ̀ onílé àná di ohun tí onílé òní fàyè gbà. Ẹ̀tọ́ tó bá wà lọ́wọ́ inú dídùn onílé, àánú ni.

Ṣé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ nǹkan kan ni? Àwa ará Port Harcourt kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2012, àwọn èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin pa ní Aluu, wọ́n dáná sun wọ́n, fídíò rẹ̀ sì tàn káàkiri. Òbí wo ló yẹ kó bá ikú ọmọ rẹ̀ pàdé lójú fóònù? Síbẹ̀, fídíò yẹn ló mú kí gbogbo Nàìjíríà fi igbe ta. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Port Harcourt dá ẹjọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta. Bí wọ́n bá ti pa fídíò náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, bóyá ariwo náà ì bá má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò yọ ọ̀rọ̀ nílò ọgbọ́n ju agbára lọ.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan sọ ìdí rẹ̀ fún un, kó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí wọ́n gba àwọn tó gbọ́ èdè wa síṣẹ́, torí ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka òwe sí ìhalẹ̀, kó sì ka èébú sí eré. Bí ìjọba bá lẹ́jọ́ pẹ̀lú wọn, kó gbà ilé ẹjọ́ lọ.

Ìpín tiwa náà wà ńbẹ̀. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkó ní oṣù kẹta 2023, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà láàárín Yorùbá àti Ìgbò gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lókè òkun tó máa bá wa gbé ládùúgbò bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ kò gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹni.