Èéfín Ló Ń Ṣáájú Ọkọ̀

Nínú agbo ilé wa ní Àjàṣẹ́, bí a bá fi ọwọ́ wa ṣe ohunkóhun, Bàbá àgbà ni a kọ́kọ́ máa ń gbé e lọ hàn. Ojú wọn ti di bàìbàì. Wọn kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ṣì ń ríran. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré tí àwa mẹ́ta fi oṣù mẹ́rin kàn lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ìka tọ gbogbo ara rẹ̀, láti imú dé ìdí. Wọ́n dé ibi ọ̀pá èéfín, wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́, wọ́n ní: “Ó ṣófo.”

A ní: “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ̀ṣọ́ ni. Bátírì ló ń wa ọkọ̀ náà, a sì ń fi télékòmáǹdì darí rẹ̀ láti etí omi.”

Wọ́n ní: “Báwo ni n óò ṣe wá mọ̀ pé ó ń bọ̀?”

Ẹni tó bá mọ ìtàn wọn yóò mọ̀ pé wọn kò fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Wáfù Kútọnu ni Bàbá ti ṣe alágbàáru nígbà èwe wọn. Kí wọ́n tó ṣí èbúté ńlá ní ọdún 1965, ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ òkun sún mọ́ ilẹ̀. Ojú agbami ni ọkọ̀ ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré a lọ kó ẹrù rẹ̀ wá sí ìdí wáfù, ẹ̀rọ a sì máa fi apẹ̀rẹ̀ gbé èèyàn sókè bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ẹni tó dúró ní etíkun kì í kọ́kọ́ rí ọkọ̀, nítorí pé bí òkun ṣe rí róbótó máa ń fi ara ọkọ̀ pamọ́. Èéfín ni yóò kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá rẹ̀, ara ọkọ̀ gan-an ni yóò gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí kò ní èéfín kò tíì dé lójú Bàbá.

A pinnu pé ọkọ̀ wa yóò rú èéfín. Ìwàǹwára ni a fi bẹ̀rẹ̀. A rẹ òwú sínú epo kẹrosíìnì, a tì í sínú agolo, a ṣáná sí i, a sì gbé agolo náà sí abẹ́ ọ̀pá èéfín. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, èéfín dúdú tú jáde, a sì ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni pákó òkè gbiná. Ojú wa ni ọkọ̀ ṣe jó mọ́ àárín ọ̀sà, tòun ti ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ láti ọwọ́ wa. Bàbá tó jókòó lẹ́yìn wa gbóòórùn rẹ̀. Wọn kò béèrè ohunkóhun.

Níbi ìgbéyàwó kan ni a ti rí ọ̀nà. Bí ọkọ àti ìyàwó ti ń jó wọlé, èéfín funfun bò wọ́n dé orúnkún, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wúkọ́. A tọ ẹni tó ni ẹ̀rọ náà lọ, ó sì ṣí i hàn wá. Kò sí iná kankan tó ń jó níbẹ̀. Omi kan tó ki díẹ̀ ló ń gba ara irin gbígbóná kọjá, tó ń di ooru. Bí ooru náà bá sì pàdé afẹ́fẹ́ tútù, á di ẹ̀kán tíntìntín tó funfun bí ìkùukùu. Òwe wa ní kò sí èéfín láìsí iná. Ohun tí ọ̀sà kọ́ wa ni pé iná kò gbọdọ̀ sí nínú ọkọ̀ tí a fẹ́ kó padà dé ilé.

A kan ọkọ̀ mìíràn. Agolo tòmátì ni a fi ṣe ikùn ẹ̀rọ èéfín rẹ̀. Inú ẹ̀rọ ìgbẹrun tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àǹtí wa tó ń ṣe irun ni a ti yọ wáyà tó ń gbóná. A wé e mọ́ orí òwú àtùpà, a sì fi ìdí òwú náà sínú gilisẹrínì tí a rà ní ilé oògùn. Bí òwú ti ń fà á sókè ni wáyà ń sọ ọ́ di ooru, tí fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì ń fẹ́ ẹ gba ọ̀pá jáde.

Ó rọrùn láti sọ. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà wá. Fáànù kọ́kọ́ ń fẹ́ lu wáyà, ó ń mú un tutù, títí a fi gbé e sókè kí ó máa fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Gilisẹrínì ki, ìwọ̀n 290 ni ó sì ń hó. Kò tètè gun òwú, òwú bá gbẹ, wáyà sun ún. Òórùn tó jáde ta wá ní ọ̀nà ọ̀fun àti lójú tó bẹ́ẹ̀ tí a sá jáde kúrò nínú yàrá. Láti ọjọ́ náà, ìta gbangba nìkan ni a ti ń dán an wò. A fi omi ìwọ̀n kan la gilisẹrínì ìwọ̀n mẹ́ta, kí ó lè ṣàn. Ní ipò òwú, a fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tó ń bo wáyà nínú àyọ́ọ̀nù ìlọṣọ, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán dígí hun tí kì í jóná. Wáyà náà ń gba wátì 24 lára bátírì fóòtì 12, èyí tó ń sọ ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ di aláìlágbára. A fún un ní bátírì tirẹ̀. Ní ìparí, a so fáànù mọ́ wáyà ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀, kí èéfín lè máa pọ̀ bí eré bá ti ń pọ̀ sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, a gbé àga Bàbá sí etí ọ̀sà. A rán ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, a yí i padà, a sì tan ẹ̀rọ èéfín. Ìkùukùu funfun dìde lórí omi dúdú. A kò sọ ohunkóhun fún wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ibẹ̀ gan-an.

“Ọkọ̀ ń bọ̀.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí a kò gbọ́ rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan. Wọ́n kọlu àwọn ará Dahomey àti ti Togo, ọ̀pọ̀ wọn sì sá padà wálé láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Bàbá, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ń dúró ní etíkun Kútọnu, tí wọ́n ń wá èéfín lójú òkun. Ọkọ̀ kan dé, ẹ̀gbọ́n kò sí nínú rẹ̀. Òmíràn dé, kò sí níbẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí mo bá rí èéfín nìkan, wọ́n wà nínú ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé tán ni wọn kì í sí níbẹ̀.”

A bi wọ́n bóyá ẹ̀gbọ́n náà padà dé. Wọ́n ní: “Èkẹta ló gbé wọn dé. Ààbò aṣọ ọrùn wọn ni wọ́n fi sọ̀.”

Ọkọ̀ wa gúnlẹ̀. A gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi imú fa èéfín náà, wọ́n ní kò ní òórùn epo, kì í ṣe ojúlówó. Síbẹ̀, wọ́n wá ọ̀pá èéfín rí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀.