Ọkọ̀ Tí Kò Ní Táyà

Ẹni tí kò bá tí ì wa ọkọ̀ tí kò ní táyà rí, kò lè mọ iye iṣẹ́ tí táyà ń ṣe. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi ọdún méjìlélógún jókòó ti ìtọ́kọ̀ kí ó tó mọ èyí. Ọmọ Òṣogbo ni. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ti wa lọ́rì akẹ́rù láti Ìbàdàn dé Jẹ́bbà. Ó wà á nínú òjò, ó wà á nínú kùrukùru ọyẹ́. Nígbà tí ó dé Liverpool ní ọdún 1983, bọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kò sí èrò kan tí ó fara pa nínú ọkọ̀ rẹ̀ títí di ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1995.

Òtútù ọ̀sẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Omi dì sórí títì, ó ń dán bí gíláàsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kan, ọkùnrin náà dé kọ́nà kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó tẹ búréèkì, ó yí ìtọ́kọ̀. Imú bọ́ọ̀sì yí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ń lọ sí ibi tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ó rọra ń yọ̀ lọ bí ọkọ̀ ojú omi tí ó fẹ́ gúnlẹ̀, títí ó fi kọ lu ògiri ọgbà ilé kan. Obìnrin kan tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì fi ọrùn ọwọ́ ṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ní kí awakọ̀ náà máa lọ sinmi nílé títí ìwádìí yóò fi parí, wọ́n sì fún un ní ìwé kan pé kí ó kọ bí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ sínú rẹ̀: báwo ni eré tí ó ń sá ti pọ̀ tó, níbo ni ó sì ti tẹ búréèkì? Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìwé yìí fi wà lórí amóhùnmáwòrán láìsí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó ní, "Olówó orí mi, bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni." Ọkọ dáhùn pé ẹṣin ni àwọn àgbà wí, wọn kò wí bọ́ọ̀sì.

Abẹ́ ìwé yìí gan-an, lójú amóhùnmáwòrán, ni ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ti ń ṣeré láti àárọ̀ di alẹ́. PlayStation ni wọ́n rà fún un ní ọdún Kérésìmesì náà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995 ni ẹ̀rọ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní pọ́n-ùn 299. Ìyá rẹ̀ ni ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, bàbá sì ń kùn pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi owó oúnjẹ rà. WipEout ni orúkọ eré tí ọmọ náà fẹ́ràn jù. Ilé-iṣẹ́ Psygnosis ni ó ṣe é, ní Liverpool yìí kan náà, ọmọ náà kò sì yé fi èyí yangàn bí ẹni pé òun ni ó kọ́ ilé-iṣẹ́ náà.

Ọdún 2052 ni wọ́n fi eré náà sí. Ọkọ̀ mẹ́jọ ni ó ń díje, kò sì sí ọ̀kan tí ó fara kan ilẹ̀ nínú wọn; agbára kan tí ó borí òòfà ilẹ̀ ni ó gbé wọn dúró lófurufú, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sókè títì. Ọ̀nà eré kan wà ní Kánádà, ọ̀kan ní Jàpáànù, ọ̀kan ní Rọ́ṣíà. Kódà ọ̀kan fara pamọ́ sínú ayé Mars. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni ó ni àwọn ọkọ̀ náà, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Èyí tí ó ń jẹ́ AG Systems fúyẹ́, ó sì tètè ń gbéra. FEISAR máa ń gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu. Qirex wúwo, eré rẹ̀ pọ̀ ju ti ìyókù lọ bí ọ̀nà bá gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n a máa ṣe orí kunkun ní kọ́nà.

Ní ọjọ́ kẹta tí bàbá ti wà nílé, ọmọ náà na páàdì sí i. Ta ni yóò wá kọ́ awakọ̀ ní ọkọ̀ wíwà? Qirex ni bàbá mú, nítorí pé ọmọ lọ́rì ni òun. Kí ó tó ka ẹ̀ẹ́wàá, ó ti kọ lu ògiri. Nínú eré àkọ́kọ́ yìí, ògiri kò ní àánú: bí ọkọ̀ bá ti kàn án, eré inú rẹ̀ a tán pátá, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbagidi. Àwọn méje ìyókù kọjá lára rẹ̀ fìà-fìà. (Nígbà tí Psygnosis ṣe èkejì rẹ̀, Wipeout 2097, ní ọdún 1996, wọ́n dẹ ògiri náà díẹ̀, ọkọ̀ a kàn ha á kọjá ni. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i. Síbẹ̀, ògiri àkọ́kọ́ ni ó jọ ògiri.)

"Dádì, ẹ ti pẹ́ jù," ni ọmọ náà wí. "Ẹ ò bá ti yí i kí ẹ tó dé ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni gbòǹgbò gbogbo eré náà. Táyà a máa di ilẹ̀ mú. Ibi tí táyà iwájú bá kọjú sí, ibẹ̀ ni yóò fa ìyókù ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ tí kò ní táyà kò rí nǹkan kan dì mú. Bí a bá yí imú rẹ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì ń tì í sí nìkan ni a yí. Eré tí ó ti sá sẹ́yìn ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ń gbé e lọ sí ọ̀nà àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró de kọ́nà kí ó tó yí ti pàdánù. Iwájú kọ́nà ni a ti ń yà á.

Búréèkì wà. Méjì ni, ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, àfọ̀n méjèèjì sì wà ní èjìká páàdì, níbi tí ìka ti ń sinmi. Awakọ̀ náà mọ búréèkì oníafẹ́fẹ́ ti bọ́ọ̀sì, ó rò pé ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ti bọ́ọ̀sì ń fi afẹ́fẹ́ di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ni. Ti ọkọ̀ yìí ń dojú kọ afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ bọ̀. Ó dà bí ìgbà tí atukọ̀ bá ki àjẹ̀ bọ omi ní ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ̀gbẹ́ náà a fà sẹ́yìn, imú a sì ṣẹ́ sí apá ibẹ̀. Bí a bá tẹ méjèèjì pọ̀, ọkọ̀ a dẹwọ́ eré lójú kan láìyí. Ẹni tí ó bá sì tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ tí kò jáwọ́, idà ọkọ̀ náà a yí kọjá ààlà, a sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri kejì.

Ohun mìíràn tí ó ni ín lára ni pé bọ́tìnnì ìtọ́ka orí páàdì ìgbà náà kò mọ "díẹ̀". Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, a tẹ̀ ẹ́ tán. Ilé-iṣẹ́ Namco ṣe páàdì kan tí wọ́n ń pè ní neGcon, tí àárín rẹ̀ ṣeé lọ́ bí ẹni fún aṣọ, tí ọkọ̀ sì ń yí níwọ̀n bí ọwọ́ bá ti lọ́ ọ tó. Ọmọ náà ti tọrọ rẹ̀ títí, owó kò sí. Ó wá kọ́ bàbá rẹ̀ pé kí ó máa tẹ̀ ẹ́, kí ó jáwọ́, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó jáwọ́, bí ẹni ń fi ìka yẹ ata wò bóyá ó kúná. Bí ọ̀nà bá ń gòkè, kí ó gbé imú ọkọ̀ sókè kí abẹ́ rẹ̀ má baà ha ilẹ̀. Bí kọ́nà bá le, kí ó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú iná.

Ìgbà kọkànlá tí ó kọ lu kọ́nà kan náà ní Altima VII, ọ̀nà eré ti Kánádà, ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lórí páàdì. Imú yí, ara ń lọ. Ó ti rí i rí. Kì í ṣe nínú eré.

Ó sọ páàdì sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ọmọ náà rò pé inú ń bí i.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó tan ẹ̀rọ náà kí ọmọ tó jí. Ó fi Qirex sílẹ̀, ó mú FEISAR. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn méjèèjì a jọ jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ tí ó ti tó ọdún méjì tí ó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan dá òbí lóhùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Ẹ yà! Ẹ yà báyìí! Ẹ jáwọ́!" Ní ọjọ́ kẹjọ, ní alẹ́, bàbá ṣe ipò kẹta ní Altima VII. Ipò kẹta ni ó kéré jù tí ènìyàn lè ṣe kí ó tó bọ́ sí ọ̀nà tí ó kàn. Ọmọ pariwo. Bàbá kò pariwo.

Ó nawọ́ mú ìwé tí ó wà lórí amóhùnmáwòrán. Ó ní, "Bọ́ọ̀sì yẹn, lórí omi dídì, bí ọkọ̀ rẹ yìí ni ó ṣe."

Ọmọ náà wo ìwé náà, ó wo bàbá rẹ̀. "Níbo ni ẹ ti tẹ búréèkì?"

Kò tí ì sí ẹni tí ó dá ìbéèrè yìí lóhùn; kò sọ ọ́ fún ìyàwó, kò sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá. Ó ní, "Inú kọ́nà. Mo ti wọ inú kọ́nà tán kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, n kò jáwọ́."

Ọmọ náà kò wí nǹkan kan. Ó dín ariwo orin eré náà kù, ó sì lọ wá báírò fún bàbá rẹ̀.