Oúnjẹ Aago Méjì Òru

Àwọn ará Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá gbà pé àmàlà àti ọbẹ̀ ilasa ló ń sọ obìnrin wọn di ìyá ìbejì. Dókítà Patrick Nylander, tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìbejì nílẹ̀ Yorùbá, rí bíi ìbejì 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ilasa. Ẹni tó ń gbẹ̀bí ìbejì lóru ni mo ń rò: òun, kí ló jẹ?

Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàràpá níbí. Tó bá wà ní náìtì, á gbé àmàlà sínú fúlásíkì kó tó kúrò nílé. Òun nìkan ló sábà máa ń wà ní wọ́ọ̀dù. Aboyún á wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nígbà tó bá fi máa ráyè ṣí fúlásíkì láago méjì òru, àmàlà ti somi, ilasa ò yọ̀ mọ́. Á dé e padà, á fi bísíkíìtì àti kóòkì panu. Mo bá a wí. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, kóòkì yẹn ló ń lé oorun.” Tó bá délé láàárọ̀, á jẹun àjẹyó, á sùn tì í.

Ara ní aago tirẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta tó tú àṣírí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017. Oúnjẹ tí ara ń yanjú wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́sàn-án, ṣúgà rẹ̀ á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ téèyàn bá jẹ ẹ́ lóru. Nínú àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń tọpa ìlera wọn láti 1976, bí ọdún tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ̀sán àti òru ṣe ń gùn sí i ni àtọ̀gbẹ ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Ẹ wá wò ó, àwọn nọ́ọ̀sì kan náà ló ń wọn ìfúnpá wa, tí wọ́n ní ká dín iyọ̀ kù!

Ní ìparí oṣù Keje 2025, nọ́ọ̀sì káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀. Owó ṣíìfù wà lára ohun tí wọ́n béèrè, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n owó kì í mú àmàlà gbóná. Níbi tí ọmọ méjì ti ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yin tó ń pín nọ́ọ̀sì, ẹ fi ẹni méjì síbẹ̀ lóru, kí ọ̀kan dúró ti aboyún, kí èkejì lọ jẹun láago mẹ́sàn-án alẹ́.