Ẹpọ̀n akọ màlúù nínú àgbá ọtí

(Ìbàdàn. Dọ̀tun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé. Àǹtí Rẹ̀mí, tí ìyá rẹ̀ máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà, kò tíì kúrò ní Nàìjíríà rí.)

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: O ní ọtí lo lọ tọ́ wò ní Denver. Ṣé kò sí ọtí nílé ni?

DỌ̀TUN: Ó wà, Àǹtí mi. Àmọ́ ta ni nínú wa ló mọ ẹni tó pọn èyí tó ń mu? Ní ilé ọtí Wynkoop, láàárín ìgboro, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń pọn bíà tí wọ́n ti ń tà á.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Ìyẹn lo wá ń pè ní tuntun? Ìkòkò ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, oníbàárà wà níta. Ẹni tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bá kan jù lẹ́nu mọ ẹni tó máa bá jà.

DỌ̀TUN: Òfin ló sọ ọ́ di tuntun lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n fòfin de ọtí jákèjádò Amẹ́ríkà láti 1920 títí di 1933. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò gbà kí apọntí fúnra rẹ̀ tà á fún ẹni tó ń mu ún. Alágbàtà gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ó di 1982 kí irú ilé ọtí bẹ́ẹ̀ tó tún ṣí, ní ìlú Yakima. Wynkoop ṣí ní 1988, òun ni àkọ́kọ́ ní Colorado.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: 1988! Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba tiwa ní kí wọ́n má kó báálì ìpọntí wọlé mọ́. Ọkà bàbà àti àgbàdo làwọn ilé iṣẹ́ bíà gbá mú. Àwọn ọkùnrin àdúgbò yìí ń kùn. Àwa tá a bá àgbàdo nídìí ọtí ń rẹ́rìn-ín.

DỌ̀TUN: Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó dá Wynkoop sílẹ̀. John Hickenlooper, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Òun àtàwọn kan kó sínú ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1899, ní àdúgbò táwọn èèyàn ti pa tì. Ní 2003, ó di olórí ìlú Denver. Ó tún ṣe gómìnà, ó sì ti dé ilé aṣòfin àgbà báyìí.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà ló ń ra ọtí fún aráàlú. Èyí ta á fún wọn, wọ́n sì tún dìbò fún un?

DỌ̀TUN: Wọ́n dì í, Àǹtí mi! Wọ́n to ife kéékèèké sórí pátákó fún mi, bíà ọ̀tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó mọ́ jù títí dórí dúdú. Rail Yard, tó pupa rúsúrúsú, ló wù mí jù: ó dùn díẹ̀ kí ìkorò tó yọ. Wọ́n fi ata sí òmíràn.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Fi ata sílẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń pọn ọ́n?

DỌ̀TUN: Báálì tó ti hù, tí wọ́n ti yan gbẹ, ni wọ́n ń lọ̀. Wọ́n á fi omi gbígbóná pò ó kí adùn rẹ̀ lè jáde, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá se omi rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó họ́ọ̀pù. Tó bá tutù, ìwúkàrà á wọ inú rẹ̀. Èyí tó dúdú, báálì inú rẹ̀ ni wọ́n yan títí tó fẹ́ẹ̀ jó.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Àgbàdo tiwa náà ń hù, à ń sá a sóòrùn, à ń lọ̀ ọ́, à ń sè é. Kí wá niṣẹ́ họ́ọ̀pù?

DỌ̀TUN: Ìkorò àti òórùn. Kì í sì í jẹ́ kí ọtí tètè bàjẹ́.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ohun tó pa ọjà ìyá mi nìyẹn. Kì í ṣe pé kò dùn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ò kàn lè dúró pẹ́ ni.

DỌ̀TUN: Ó ku ọ̀kan. Ní April 2012, wọ́n fi fídíò ṣàwàdà pé àwọn fẹ́ fi ẹpọ̀n akọ màlúù pọn ọtí dúdú. Àwọn èèyàn ní kí wọ́n ṣe é lóòótọ́. Wọ́n yan ẹpọ̀n, wọ́n gé e sínú àgbá.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: O mu ún?

DỌ̀TUN: Kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Ká ní ó wà ńkọ́?

DỌ̀TUN: Ife kékeré kan péré ni.

ÀǸTÍ RẸ̀MÍ: Ife omi mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn o. Má fẹnu kàn án.