Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ fi káyákì pẹja l'Odò Ọya, ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó kúrò l'Òkè-Onígbìn

Òkè-Onígbìn, níjọba ìbílẹ̀ Ìsin, nípìnlẹ̀ Kwara, kì í ṣe ìlú odò. Orúkọ ìlú náà fúnra ẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀, òkè ló ń pè, kò pe omi. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìgbómìnà dáadáa, láti Òmù-Àrán dé Ẹsìẹ́, mọ̀ pé iṣẹ́ oko ni wọ́n mọ àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ́, ẹja tí wọ́n fi ń sebẹ̀, ọjà ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń rà á. Omi tó lókìkí jù lágbègbè náà, ìyẹn omi Òwú tó ń já wálẹ̀ látorí àpáta níjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ibi ìwòran ni, kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ̀ síbẹ̀.

Síbẹ̀, ayé ti yí padà. Ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò lórí fóònù, àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó padà sílé tó ń wá ohun tí yóò máa fi na ara, gbogbo wọn ló ń rí ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ mèremère kan tí èèyàn kan ṣoṣo ń jókòó sí, tó ń fi ọ̀pá ìpẹja fa ẹja ńlá sókè. Káyákì ni wọ́n ń pè é. Eré ìdárayá tó dáa ni, ó ń mú apá àti àyà le, ó sì ń fọkàn ẹni balẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ṣubú ní pápá yóò dìde, ẹni tó bá ṣubú sódò lè má dìde mọ́. Ìdí nìyí tá a fi ní ká là á yéra wa.

Ibi tí káyákì ti wá

Àwọn ẹ̀yà Inuit tí wọ́n ń gbé ní Greenland, àríwá Kánádà àti Alaska, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Igi tí omi gbé wá sí èbúté tàbí egungun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọkọ̀ náà, wọn yóò wá fi awọ ẹran inú òkun bò ó. Ọdẹ kan ṣoṣo ló ń wọ inú ẹ̀, àjẹ̀ olójú méjì ló sì fi ń wà á, ojú kan lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì. Lónìí, ike ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wà wọ́n bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́, tí ọwọ́ méjèèjì á sì ráàyè mú ọ̀pá ìpẹja. Iléeṣẹ́ Hobie l'Amẹ́ríkà gbé irú tiwọn jáde lọ́dún 1997.

Ọ̀nà Jẹ́bà

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ rí omi tó tó omi láti Òkè-Onígbìn, Odò Ọya ni kó kọrí sí. Èèyàn lè gba Òmù-Àrán, Ajàṣẹ́-Ìpo àti Gáńmọ̀ dé Ìlọrin, kó wá gba Bódè Sáàdú dé Jẹ́bà. Ẹni tó bá tètè jí kúrò nílé, kó tó di ọ̀sán, ó ti ń wo odò náà níwájú ẹ̀, tó fẹ̀, tó sì ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láàrin àwọn òkè alápàáta. Afárá tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1916. Lókè odò díẹ̀ ni dáàmù Jẹ́bà tó ń ṣe iná mànàmáná wà, ọdún 1985 ni wọ́n ṣí i. Ojú odò yìí kan náà ni Richard Lander àti àbúrò ẹ̀, John, gbà kọjá lọ́dún 1830, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tọ omi láti Bússà lọ dé òkun.

Kẹ́ ẹ tó ná owó yín sórí káyákì, ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí omi níbẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ máa wo àwọn Tápà tó ń pẹja. Ọmọ odò ni wọ́n, ìdíje ọkọ̀ wọn ní Pàtígi kì í ṣe ohun tuntun létí ará Kwara. Ẹ wo bí apẹja ṣe ń gbé àwọ̀n ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí kò gbé ẹrù sókè. Ẹ wo bí kì í ṣe é fara ti ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá ń fa àwọ̀n. Ohun tí ìwé tí wọ́n ń dì mọ́ káyákì ń sọ náà nìyẹn: ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, àárín ni kó sì wà.

Bá a ṣe ń yan káyákì

Oríṣii méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí èèyàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ nínú, tí ara ọkọ̀ yóò bò ó dé ìbàdí. Èyí dáa níbi tí òtútù pọ̀ sí, ṣùgbọ́n tó bá dojú dé, omi á kún inú ẹ̀, ó sì le fún ẹni tí kò tí ì mọ̀ ọ́n wà láti gbọ́n ọn. Èkejì ni èyí tí èèyàn ń jókòó lé lórí. Inú ẹ̀ ṣófo, wọ́n ti dí i pa, ó sì ní àwọn ihò tí omi ń gbà jáde fúnra ẹ̀. Tó bá dojú dé, ẹ ó yí i padà, ẹ ó sì tún gùn ún. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jókòó lé lórí yìí la fara mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo gígùn àti fífẹ̀. Ọkọ̀ gígùn tóóró máa ń yára, ṣùgbọ́n ó máa ń mì. Èyí tó fẹ̀ máa ń lọ́ra, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró dáadáa. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tó sì fẹ̀ tó íǹṣì 30 sí 34, ló bá ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mu.

Ẹ wo ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé pẹ̀lú. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹrù kún un dé ibẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa fi ṣe òpin. Ká ní ẹ wọn kílò 85, tí irinṣẹ́, omi mímu àti ẹja tẹ́ ẹ retí láti pa jẹ́ kílò 20, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ kílò 105. Ọkọ̀ tó bá yín mu gbọ́dọ̀ lè gbé tó kílò 160. Ẹ sì rántí pé òun fúnra ẹ̀ lè wọn kílò 25 sí 40. Èèyàn méjì ni yóò gbé e gun orí mọ́tò, a ó sì fi okùn dè é níwájú àti lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀ àti ẹ̀gún ẹja lè lù ú. Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ rà, ẹ yẹ ìdí ẹ̀ wò bóyá ó ti sán. Nílé, ẹ gbé e síbi òjìji, nítorí oòrùn máa ń sọ ike di gbẹ́rẹ́fu.

Láífù jákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe oge

Ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé àwọn èèyàn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dànù lóru lágbègbè Pàtígi, nípìnlẹ̀ Kwara yìí kan náà. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú. Èrò ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú. Àwọn tó ṣòfò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ìtòsí odò ni wọ́n dàgbà sí. Tí omi bá lè ṣe báyìí sí ọmọ odò, kí lẹ rò pé yóò ṣe sí ẹni tó ti Òkè-Onígbìn wá?

Nítorí náà, láífù jákẹ́ẹ̀tì, ara ni kó wà, kì í ṣe abẹ́ ìjókòó. Kẹ́ ẹ dè é pinpin. Wọ́n máa ń kọ agbára ẹ̀ sí i lára: èyí tí wọ́n kọ 50 sí, ẹni tó mọ lúwẹ̀ẹ́ ló wà fún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó rà, kó sì kọ́kọ́ lọ kọ́ lúwẹ̀ẹ́ ná.

Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ la fi ń wọn odò. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má mú ọ̀pá ìpẹja dání rárá. Ẹ wá omi tó dákẹ́, tó mọ níbàdí, tí ẹnìkejì yín sì dúró sétí ẹ̀. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ náà dé. Ẹ yí i padà, ẹ di àárín ẹ̀ mú, ẹ fi ẹsẹ̀ ta omi, kẹ́ ẹ fi ikùn gorí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó yí ìdí jókòó. Ẹni tí kò bá tí ì lè ṣe èyí nígbà mẹ́ta tẹ̀léra, kò tí ì tó ẹni tó ń lọ sódò ńlá. Tó bá jẹ́ adágún tí ìlú ń mu lẹ fẹ́ẹ́ lò, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Tẹ́ ẹ bá dé Odò Ọya, ẹ jìnnà sí dáàmù, lókè àti nísàlẹ̀, nítorí wọ́n lè tú omi sílẹ̀, kí odò sì kún lójijì. Ẹ má sì rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ni omi máa ń fà. Òjò tó ń rọ̀ nílẹ̀ yìí ló ń mú omi àkọ́kọ́ wá, láàrin oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ ní òkè orílẹ̀-èdè Guinea máa ń gba Mali kọjá, oṣù mélòó kan ló sì fi ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dé. Ẹ sá fún afẹ́fẹ́ òjò oṣù kẹta àti ìkẹrin, àti kùrukùru ọyẹ́ tí kì í jẹ́ ká rí iwájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ sọ ìdákọ̀ró, imú ọkọ̀ tàbí ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, ẹ má so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ láé, omi tó ń ṣàn á dojú yín dé. Ẹ mú ọ̀bẹ àti fèrè dání, kẹ́ ẹ sì sọ fún ará ilé ibi tẹ́ ẹ lọ àti aago tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ bi àwọn apẹja ibẹ̀ bóyá erinmi wà nítòsí.

Ẹja, ìgbín àti ìlera

Epìyà àti àrọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹja tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin inú omi, lágbára láti fa káyákì kiri, ẹ fi í sílẹ̀ dìgbà tọ́wọ́ yín bá mọ́ iṣẹ́. Ẹ má ra ẹja tí wọ́n fi Gamalin pa, oògùn kòkòrò ni, májèlé ló jẹ́ fún ẹni tó bá jẹ ẹ́.

Ìgbín kan tún wà tó yàtọ̀ sí tinú ìgbẹ́ tá à ń sè jẹ. Kékeré ni, inú omi tó dúró sójú kan ló ń gbé, òun ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, tí èèyàn á fi máa tọ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò náà ń gba ara awọ wọlé, kò dìgbà téèyàn bá mu omi. Ẹ má dúró pẹ́ nínú omi tí koríko kún etí ẹ̀, ẹ nu ara yín gbẹ lọ́gán tẹ́ ẹ bá jáde. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, oògùn praziquantel wà tí wọ́n fi ń wò ó. Níbi tí omi ti ń sáré lórí àpáta, kòkòrò dúdú kékeré tó ń gbé àrùn ojú fífọ́ létí odò wà níbẹ̀. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kẹ́ ẹ sì gba oògùn Mectizan nígbà tí wọ́n bá ń pín in, ọ̀fẹ́ ni.

Owó tẹ́ ẹ ní, ẹ pín in báyìí: láífù jákẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀kọ́ lúwẹ̀ẹ́ ni kó ṣáájú, káyákì tẹ̀ lé e, ọ̀pá ìpẹja ni ìgbẹ̀yìn. Ẹja kò ní tán nínú Odò Ọya lọ́la. Ẹni tó bá délé láyọ̀ ni yóò rí i jẹ.