Ìbéèrè Inú Ṣíbí

Nídìí oúnjẹ, ọmọ mi wo inú ṣíbí, ó pariwo: “Mọ́mì, mo ti dorí kodò!” Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ lóòró, ṣùgbọ́n ó kéré. Ó ní kí ló fà á.

Gẹ̀ẹ́sì ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

“Inú ṣíbí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Ohun tó bá jìnnà ju ibẹ̀ lọ á dorí kodò. Èyí tó bá sún mọ́ ṣíbí ju ibẹ̀ lọ á dúró lóòró, á sì tóbi. Fi ìka rẹ dán an wò. Ẹ̀yìn ṣíbí ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká ni. Òòró ni tirẹ̀ nígbà gbogbo.”

Ó ronú. “Ṣé ìdí nìyẹn tí Màmá àgbà fi ń gbé awò wọn sún mọ́ Bíbélì?”

Bẹ́ẹ̀ ni: awò náà ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Yorùbá ló sì fi bi mí.